Imú Ọkọ̀ Alága

Ẹni tó bá ń sọ kiri pé òun ò jowú rí láyé, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni kò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Táíwò Road. Tèmi ti ṣí i. Ó gbé pátákó kan síwájú ibẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó òpó iná, ó ní kí wọ́n ya Hilux kan sí i tó gbé àyà sókè bí àkùkọ, ó wá kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀: MANSUR. Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀dọ̀ Ayọ̀díjí ni òun ti kọ́ṣẹ́. Mo lọ wò ó dáadáa. Mo wo ẹ̀yìn pátákó náà pàápàá.

Lẹ́yìn ọjà Ìpàtà níbí, nínú àgbàlá mi, lábẹ́ igi dóńgóyárò tí mo jókòó sí yìí, ni mo ti kọ́ ọ bí a ṣe ń di sípánà mú. Bàbá rẹ̀, Aáfà kan ní Gàmbàrí, ló fà á lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ọ̀gá Díjí, ẹ̀sìn wa yàtọ̀ o, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ mọṣẹ́. Ẹ fi ọmọ yìí ṣe ọmọ." Mo sì fi ṣe ọmọ. Lọ́jọ́ tó gba òmìnira, èmi fúnra mi ni mo gbàdúrà fún un lójú gbogbo ènìyàn, pé yóò ṣe jù mí lọ. Gbogbo ọ̀gá ló ń ṣe irú àdúrà yẹn, kò sí ọ̀gá tó ń retí pé kó gbà. Ìyàwó mi Christiana ní tèmi ti gbà, kí n yé bínú sí Ọlọ́run.

Iṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀ níwájú ni iṣẹ́ mi. Ṣọ́ọ̀kù, sípírìngì, síárìn, gbogbo ohun tó ń jẹ́ kí táyà iwájú dúró dáadáa kó sì gbọ́ràn sí ẹni tó ń wà á lẹ́nu. Ní Ìlọrin yìí, bí ọkọ̀ ènìyàn bá ń fà sápá kan, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Díjí ni wọ́n á ní kó gbé e lọ. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Nísinsìnyí, wọ́n á ní, "Ṣé o mọ ilé Mansur?"

Ohun tó gbòde báyìí ni gbígbé imú ọkọ̀ sókè. Bí wọ́n ṣe ṣe Hilux wá láti ilé iṣẹ́, iwájú rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Ẹrù ni wọ́n rò tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀: tí ẹ bá di àpò àgbàdo kún ẹ̀yìn, ẹ̀yìn á wálẹ̀, ọkọ̀ á tẹ́jú. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ìsinsìnyí ò fẹ́ ọkọ̀ tó ń dorí kodò. Wọ́n fẹ́ kí iwájú bá ẹ̀yìn dọ́gba, kí táyà ńlá lè wọlé láìha ara ọkọ̀. Wọ́n á tú ṣọ́ọ̀kù iwájú sílẹ̀, wọ́n á gbé irin róbótó kan tó nípọn lé e lórí, wọ́n á dá a padà. Irin yẹn ló ń ti imú ọkọ̀ sókè. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe, èmi ni mo kọ́ ẹni tó ń fi í gbajúmọ̀.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé àkísà lọ sóde?

Èyí tó dùn mí jù ni ti Alága. Olúfẹ́mi ni orúkọ rẹ̀, ará Ọ̀mù-Àrán bíi tèmi, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àwọn ará ìlú wa tó wà ní Ìlọrin. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Láti ìgbà tó ti ra Hilux rẹ̀, ọwọ́ mìíràn ò kan abẹ́ ọkọ̀ náà rí àfi tèmi. Lọ́jọ́ kan, mo lọ ra nǹkan ní Táíwò Road, mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Mansur. Mi ò lọ ṣọ́ ọ o, ọ̀nà mi ni. Ta ni mo rí? Alága, lórí àga, ó ń mu omi tútù. Hilux rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí táyà tuntun ràgàjì, imú rẹ̀ tẹ́jú, ó ń dán.

"Díjí!" Alága pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Wá wo ohun tí ọmọ rẹ ṣe fún mi!"

Ọmọ rẹ. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń yìn mí. Mansur sáré jáde, ó lóṣòó kí mi. Dídọ̀bálẹ̀ kò sí nínú ìwà rẹ̀ láti ilé, nítorí Aáfà bàbá rẹ̀ ní Ọlọ́hun nìkan ni ènìyàn ń forí balẹ̀ fún. Lílóṣòó ló máa ń lóṣòó. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú ìrìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá ó dáa." Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, wọ́n lọ̀ ọ́! Mẹkáníìkì tí wọ́n lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀! Mo wo ọkọ̀ náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó dáa, mo sì sọ pé, "Ó ga jù." Alága rẹ́rìn-ín. Mansur náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó dùn ún, ara mi sì yá díẹ̀ títí mo fi délé.

Christiana ń ta ọ́ìlì àti omi bíréèkì nínú kíósì tó wà lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá mi. Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi tí kì í rí. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ náà tí mo kàn ń fi ọwọ́ ro ọbẹ̀ kiri nínú abọ́, ó ní, "Bàbá Túnmiṣe, ṣé Mansur ló wà nínú ọbẹ̀ yẹn tí ẹ ń wá a?"

Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí máa ń wọni lára ju omi bíréèkì lọ.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ nìkan ni mò ń jowú. Mò ń jowú ẹ̀rín rẹ̀. Mò ń jowú bí àwọn oníbàárà ṣe ń dúró tì í láti bá a tàkúrọ̀sọ, nígbà tó jẹ́ pé lọ́dọ̀ mi, bí wọ́n bá ti gba kọ́kọ́rọ́ wọn tán, wọ́n ti lọ. Kódà mo jowú àga tó fún Alága jókòó. Mi ò ní àga fún oníbàárà, orí táyà àtijọ́ ni wọ́n ń jókòó sí lọ́dọ̀ mi, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé kò dáa.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí ọyẹ́ mú gan-an, mo gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Alága ló wọlé pẹ̀lú Hilux rẹ̀ gíga, ojú rẹ̀ ò dáa.

"Díjí, gbọ́ ohùn ọkọ̀ yìí." Ó yí síárìn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Kò-kò. Kò-kò. "Láti àná ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀mù-Àrán ni mò ń lọ láàárọ̀ yìí, ìyàwó mi ti di ẹrù, àwọn ọmọ ọmọ mi ti wọṣọ sílẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ, ilé rẹ ló sún mọ́ mi."

Ilé mi ló sún mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Mo ní, "Ẹni tó gbé e sókè ńkọ́?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Gbogbo Hilux ẹgbẹ́ wa la fẹ́ gbé sókè kí òjò tó dé, ọ̀nà oko ti bàjẹ́ jù. Mansur ni mo fẹ́ kó wọn fún. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń dún yìí, kò ní fọwọ́ kàn wọ́n láéláé, ìwọ ni wàá ṣe wọ́n. Wò ó fún mi, kí o sọ òótọ́ fún mi."

Gbogbo Hilux ẹgbẹ́. Mo mọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ti rí wọn ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá tò sínú àgbàlá yìí, gbogbo Ìpàtà ló máa mọ̀ pé Ọ̀gá Díjí ò tíì kú. Bí wọ́n bá sì tò sí Táíwò Road, mo lè kúkú tú jáàkì mi tà.

Mo fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ náà, mo fi òpó irin tì í, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹni tó ń lọ síbi àsè ni mo ṣe wọlé. Ẹ̀ṣẹ̀ Mansur ni mo fẹ́ jẹ.

Mi ò rí nǹkan kan. Irin tó fi lé orí ṣọ́ọ̀kù jókòó déédéé. Ó fi ọ̀dà funfun sàmì sórí bóòtù kọ̀ọ̀kan tó ti dì, kó lè hàn pé wọ́n ti dì wọ́n tán. Rọ́bà inú apá ọkọ̀, ìyẹn irin tó di táyà mú mọ́ abẹ́ ọkọ̀, kò lọ́ rárá, èyí tó fi hàn pé ìgbà tí táyà ti kanlẹ̀ ló tó fún bóòtù wọn pa, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Àwọn mìíràn máa ń fún un pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè, rọ́bà á sì ya láìpẹ́. Ó tún nu ọ̀rá àtijọ́ kúrò lára gbogbo irin. Ta ló ń nu abẹ́ ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín ò ní rí láéláé? Mò ń wá àbùkù bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́, iṣẹ́ ọmọ yìí sì mọ́ ju tèmi lọ.

Mo di táyà òsì mú, mo mì ín. Kò! Mo tún mì ín. Kò-kò! Ọkàn mi fò sókè fún ayọ̀. Mo tẹ̀lé ìró náà títí mo fi dé ìdí ọ̀pá síárìn, ìyẹn ọ̀pá tó so síárìn mọ́ ẹsẹ̀ táyà. Nọ́ọ̀tù tó di orí ọ̀pá náà mú ti tú dé etí. Irú nọ́ọ̀tù yẹn, píìnì kékeré kan la máa ń fi gba inú rẹ̀ kọjá, ká tẹ ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn, kó má baà yí. Tí nọ́ọ̀tù bá já, ọ̀pá á já. Tí ọ̀pá bá sì já, ẹ lè máa yí síárìn títí, táyà ò ní gbọ́ tiyín mọ́.

Mo sún tọ́ọ̀ṣì mọ́ ibi tí ó yẹ kí píìnì wà. Kì í ṣe píìnì ló wà níbẹ̀. Sípóòkù ni, irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere. Ó ti dípẹtà, ó ti kán sí méjì.

Mi ò mọ mẹkáníìkì mìíràn ní Ìlọrin tó ń fi sípóòkù ṣe píìnì. Èmi nìkan ni. Píìnì ọjà rọ̀ jù lójú mi, mo sì ní kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan lẹ́yìn ilé tí mò ń já irin ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń fi yangàn ni, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé irin gidi nìyí, kì í ṣe irin rírọ̀ ti ọjà. Ọ̀pá síárìn yìí, èmi ni mo fi tuntun sí i fún Alága nígbà òjò tó kọjá. Mansur ò tilẹ̀ ní ìdí kankan láti tú u. Gíga tí ọkọ̀ ga sókè ti jẹ́ kí ọ̀pá náà dà gẹ̀ẹ́rẹ́, táyà ńlá sì wúwo fún un. Ohun tí sípóòkù mi ti ń fara dà tẹ́lẹ̀, kò lè fara dà á mọ́.

Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn Alága lókè, ó ń sọ fún Christiana pé àwọn ọmọ ọmọ òun ò sùn lóru nítorí ìrìn àjò yìí. Mo fa ìdajì sípóòkù náà yọ, mo fa ìdajì kejì yọ, mo jù wọ́n sínú abọ́ ọ́ìlì dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n rì. Mo jáde.

"Alága, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó. Kò sí píìnì nínú nọ́ọ̀tù yẹn. Ọ̀pá síárìn yín ti fẹ́ já."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó gbé ojú sókè. "Ọ̀pá yìí, ṣebí ìwọ lo fi í?"

"Èmi ni. Mo sì fi píìnì sí i. Ẹni tó gbé imú ọkọ̀ yín sókè ló tú u, kò sì dá a padà."

Ó jáde lẹ́nu mi wọ́ọ́rọ́ bí òótọ́. Christiana wò mí láti ẹnu ọ̀nà kíósì. "Bàbá Túnmiṣe, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ìyá Túnmiṣe, ṣé ìwọ ni mẹkáníìkì ni?"

Inú ti bí Alága. "Àwọn ọmọ ọmọ mi ni mo fẹ́ kó sínú ọkọ̀ yìí!" Ó pe Mansur lórí fóònù, ó ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Àlàáfíà ni, Bàbá? Ilé ńkọ́?"

"Má béèrè ilé lọ́wọ́ mi! Ọkọ̀ mi wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ. Ó ń kan kò-kò lápá òsì. Ó ní ọ̀pá síárìn ti fẹ́ já, ó ní ìwọ lo tú u tí o ò fi píìnì sí i padà."

"Ọ̀pá síárìn?" Mansur ló béèrè. "Ọ̀gá mi ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Mansur dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà pẹ́ títí Alága fi wo fóònù bóyá ó ti kú. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Bàbá, nítorí Ọlọ́hun, ẹ má wa ọkọ̀ náà o. Ẹ má jẹ́ kó sún kúrò lójú kan. Mò ń bọ̀ báyìí."

Mo sọ nínú ara mi pé ẹ̀rù ti bà á. Ó dùn mọ́ mi nínú bí oyin.

Alága ò fẹ́ dúró. Ó ní, "Díjí, bá mi dì í kí n máa lọ. Tó bá dé, kó wá bá mi nílé."

"Ẹ fara balẹ̀, Alága. Apá òsì yìí nìkan ni, kò ní gbà mí lákòókò. Ẹ jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i." Mo fẹ́ rí i tí ìtìjú máa mú un nínú àgbàlá mi, lábẹ́ igi mi. Mo fẹ́ kí Christiana náà rí i.

Ọ̀kadà ló gbé e wá. Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó jọ pé ó fẹ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan. Ó lóṣòó kí Alága, ó lóṣòó kí mi, ó kí Christiana, kò sì ṣe àwáwí kankan. Ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó dùbúlẹ̀ sínú ọ̀rá àti eruku pẹ̀lú aṣọ funfun náà, ó wọ abẹ́ ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni ayọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Mo rántí pé ihò nọ́ọ̀tù yẹn ti dípẹtà yíká ibi tí sípóòkù jókòó sí. Ẹnikẹ́ni mìíràn lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ kò lè ṣì í mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló máa sọ, èmi ni ìtìjú máa mú. Mò ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ síta, mò ń sọ nínú mi pé, kó sọ ọ́, kó sọ ọ́ kí n lè bá a jà.

Ó jáde. Kò wo ojú mi. Ó lóṣòó síwájú Alága.

"Bàbá, èmi ni. Mo tú u nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́, mo sì gbàgbé láti dá píìnì rẹ̀ padà. Ẹ dárí jì mí nítorí Ọlọ́hun."

Christiana fi ọwọ́ bo ẹnu. Alága sọ̀rọ̀ sí ọmọ náà débi pé àwọn tó ń lọ sí ọjà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní apànìyàn ni. Ó ní àga àti omi tútù ló fi ń tan ènìyàn jẹ. Ó na ìka sí mi, ó ní, "Ọkọ̀ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ò ní dé Táíwò Road. Díjí, ìwọ lo ni gbogbo wọn. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n á máa wọlé."

Mo ti jẹ ẹ́. Ohun tí mò ń fi ọjọ́ gbogbo wá, mo ti gbà á, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rí ẹrẹ̀kẹ́ fi rẹ́rìn-ín.

Mansur ní, "Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá." Kò bẹ̀ ẹ́ nítorí ọkọ̀ ẹgbẹ́. Ó yíjú sí mi, ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi, ó là á. Píìnì tuntun ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n ń dán.

Méjì ni.

"Ọ̀gá," ó ní, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, "ó ṣeé ṣe kí n ti gbàgbé ti ọ̀tún náà. Ẹ bá mi wò ó kí Bàbá tó lọ."

Ọjọ́ kan náà ni mo fi ọ̀pá òsì àti ọ̀pá ọ̀tún sí ọkọ̀ yẹn, láti ara kẹ̀kẹ́ kan náà. Láti ìgbà tí mo ti rí òsì, tí mo ti rí ohun tí mo máa fi ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, mi ò tilẹ̀ rántí pé ọkọ̀ ní ọ̀tún. Ọmọ yìí ti rántí. Láti Táíwò Road ló ti rántí, lórí fóònù, nígbà tó dákẹ́. Kò tíì rí ọkọ̀, kò tíì rí ihò, ó ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó jẹ́, ó sì mú píìnì méjì dání wá.

Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ lápá ọ̀tún. Kò sí sípóòkù níbẹ̀ mọ́, ó ti já sọ́nà. Nọ́ọ̀tù náà kù díẹ̀ kó bọ́, ìka lásán ni mo fi yí i. Ká ní mi ò ṣe ìlara débi pé mo fẹ́ rí ìtìjú Mansur ni, Alága ì bá ti lọ, ì bá ti kó àwọn ọmọ yẹn, wọn ì bá ti wà lójú ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán pẹ̀lú ọ̀pá yìí. Mo di nọ́ọ̀tù méjèèjì le, mo fi píìnì Mansur sí òsì, mo fi sí ọ̀tún, mo tẹ ẹnu wọn sẹ́yìn. Wọn ò rọ̀ rárá.

Nígbà tí mo jáde, mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n Alága ti di ọwọ́ mi mú. "Díjí, ìwọ lo gba ẹ̀mí àwọn ọmọ mi là lónìí. Ọlọ́run á san án fún ọ." Mansur ń gbọ́ ọ. Kò ṣẹ́jú. Ó tiẹ̀ ní, "Àmín." Mo pa ẹnu mi dé.

Alága wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tú ká, wọ́n ń wo Mansur tìkà-tẹ̀gbin bí wọ́n ti ń lọ. Ó gbọn eruku ara aṣọ rẹ̀, ọ̀rá ò kúrò. Ó lóṣòó láti dágbére fún mi.

Ohun tí mo rí sọ ò ju èyí lọ: "Níbo lo ti ń ra píìnì yẹn?"

"Ẹ má yọra yín lẹ́nu, Ọ̀gá. Mo máa kó páálí kan wá fún yín."

Mo wá ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀ bí mo ṣe wá àbùkù lábẹ́ ọkọ̀. Mi ò rí i. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí. Ká ní ó wò mí bí ẹni tó mọ ohun tí mo ṣe, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa dá a lóhùn. Ó kàn gun ọ̀kadà tó ń dúró dè é, ó lọ pẹ̀lú orúkọ burúkú tó jẹ́ tèmi.

Christiana wá dúró tì mí. Ó ti wo abọ́ ọ́ìlì náà lẹ́ẹ̀kan, kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. "Bàbá Túnmiṣe, ẹ ti gba gbogbo ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Kí ló tún kù lára ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ ń wò lẹ́yìn báyìí?"

Mò ń wo ẹ̀yìn aṣọ funfun náà tó ti dúdú, títí ọ̀kadà fi gbé e wọ àárín èrò ọjà. Ìlara rẹ̀ tó wà nínú mi pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ.